Ẹ Bá Mi Bẹ Fáìlì Mi Kó Jáde

Mo fẹ́ lọ kàwé sí i. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò gba ilẹ̀ onílẹ̀, n kò jí ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni, n kò sì ní kí wọ́n fi mí joyè. Olùkọ́ ilé-ìwé girama ni mí nílùú Ìbàdàn, ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ọmọ mẹ́ta ló sì ń jẹun lọ́wọ́ mi nílé. Níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ ni ọ̀gá wa ti sọ ọ́ pé láyé tí a wà yìí, ẹni tí kò bá ní masters, ibi tó wà náà ni yóò ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo ojú bá kọ sí mi. Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ní kò burú, kí n ṣáà má fọwọ́ kan owó ilé-ìwé àwọn ọmọ.

Bí mo ṣe wọ gàù nìyẹn.

Èmi rò pé wọn yóò bi mí ní ohun tí mo mọ̀ ni. Mo ti ń múra sílẹ̀, mò ń tún ọ̀rọ̀ ogun Kírìjì kà títí òru, mò ń há orúkọ àwọn ológun sórí, kí ọ̀jọ̀gbọ́n kan má bàa bi mí ní ìbéèrè kí n wá máa wo àjà. Àṣé ìmọ̀ kọ́ ni wọ́n ń wá. Láti ọjọ́ tí mo ti ra fọ́ọ̀mù, kò sí ẹni tó tíì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ìtàn. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni bóyá èmi ni mí.

Ẹ gbọ́ ná. Wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí wá, bí ẹni pé èmi tí mo dúró níwájú wọn yìí, kò tíì dájú pé wọ́n bí mi. Wọ́n ní kí n mú ìwé wá láti ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí mo ti ṣẹ̀. Wọ́n ní èsì ìwé mẹ́wàá mi dà, kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju ìjókòó méjì lọ. Èsì yìí kan náà ni mo fi wọ yunifásítì nígbà àkọ́kọ́! Bí kò bá pé nígbà náà, ta ló wá fún mi ní digirí? Wọ́n ní ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ ńkọ́? Mo gbé e jáde. Ọmọge tó wà nídìí tábìlì yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kí ẹ láminéètì ẹ̀?" Mo ní ìyá mi ni, nítorí òjò. Lójú ìyá mi, ìwé tí ọmọ òun fi ọdún kan gbáko sìnlú gbà ní Sókótó, kò yẹ kí omi kàn án títí ayé.

Ti orúkọ ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹkún ló wà nídìí ẹ̀rín náà. Ìwé girama mi kọ Adewunmi, ìwé yunifásítì kọ Adewumi. Lẹ́tà kan ṣoṣo, n, tí kò wúwo, tí kò sì jẹ oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí n lọ búra ní kóòtù pé àwọn méjèèjì, èmi náà ni. Mo lọ. Abẹ́ agboòrùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà kóòtù ni mo ti bá ọkùnrin kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ó ní ìwé ìbúra ti wà nílẹ̀, orúkọ nìkan ló kù. Ó tẹ̀ ẹ́, mo sanwó, wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e, mo sì kó èmi méjèèjì lọ sílé.

Ẹ jẹ́ ká wo ti àwọn èèyàn ńlá. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ìpín 131, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ààrẹ Nàìjíríà, kó ṣáà ti kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tó bá a dọ́gba. Kò sí transcript, ìwé tó kó gbogbo máàkì ẹni jọ, níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí olùdíje mú ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta wá kí wọ́n wá jẹ́rìí sí ọpọlọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé Aso Rock ni mo fẹ́ wọ̀ ni, ìwé mi ìbá ti pé tipẹ́.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní ayédèrú ìwé pọ̀ nílùú. Òótọ́ ni, n kò jiyàn. A kò tíì gbàgbé Salisu Buhari, tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999. Ó ní òun gboyè ní yunifásítì Toronto ní Kánádà, irọ́ ni. Ó ní 1963 ni wọ́n bí òun, 1970 ni. Àṣírí tú, ó fipò sílẹ̀ láàrin oṣù díẹ̀, ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi, nígbà tó sì di 2000 ìjọba forí jì í. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e yẹ̀ wò fún mi. Ọkùnrin tí kò ní transcript rárá jókòó sórí àga olórí ilé aṣòfin. Èmi tí mo ní, tí mo sì lè nàka sí ilé tó wà, n kò tíì rí àga kíláàsì lásán jókòó lé.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó ń dùn mí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ wọ̀ yìí (n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo ṣì fẹ́ wọ ibẹ̀) náà ni ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti gboyè àkọ́kọ́. Wọ́n mọ̀ mí. Àwọn ló kọ́ mi, àwọn ló ṣèdánwò fún mi, àwọn ló fún mi ní máàkì, àwọn ló kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn náà ló tì í mọ́ yàrá. Wọ́n wá ní kí n lọ gba máàkì náà wá fún àwọn. Lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ àwọn. Mo ní ṣé kì í ṣe ilé kan náà ni? Wọ́n ní rárá o, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú èsì ìdánwò wà lápá ọ̀tún títì, ọ́fíìsì tó ń gba àwọn onímasters wà lápá òsì. Igi máńgòrò kan ló dá wọn láàrin. Mo san owó transcript. Mo tún san owó tí wọn yóò fi gbé e ránṣẹ́. Ránṣẹ́ síbo? Sí abẹ́ igi máńgòrò.

Obìnrin tó wà lápá ọ̀tún, Mọ́mì ni gbogbo èèyàn ń pè é, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wá. Ẹ̀pà ló ń bó nígbà tí mo wọlé. Orí ìwé kan ló ń da èèpo rẹ̀ sí, mo sì gbàdúrà nínú mi pé kó má jẹ́ èsì ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ.

"Ẹ káàárọ̀ o, Mọ́mì."

"Ẹ káàárọ̀, bọ̀dá. Ọdún wo lẹ jáde?"

"2006 ni, mà."

Ó dáwọ́ ẹ̀pà dúró. "2006! Ẹ̀yin àtijọ́ ni. Tiyín ò sí nínú kọ̀ǹpútà o. Inú fáìlì lẹ wà."

"Ṣé ẹ lè bá mi wo fáìlì náà, mà?"

"Bàbá alákàbà ló ń gun òkè."

Mo gbójú sókè. Yàrá gígùn ni, irin ìkówèésí kan àjà, fáìlì lórí fáìlì, wọ́n fi okùn dì wọ́n, òmíràn ti wú nítorí òjò tó ń jò sí i. Aláǹgbá kan dùbúlẹ̀ lórí àwọn tó jáde ní 1998, ó ń mi orí. Ní ìlà òkè pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹnì kan ti fi bíró pupa kọ HIST 2006 sára ìdì kan. Fáìlì kejì láti ìsàlẹ̀, etí rẹ̀ yọ síta. Mo na ọrùn. ADEWUMI ni mo kà níbẹ̀, láìsí n. Èmi nìyẹn! Mo fa àga kan mọ́ra, mo gbé ẹsẹ̀ kan lé e.

"Bọ̀dá! Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fáìlì ara ẹ̀."

"Ẹ má bínú, mà. Bàbá alákàbà dà?"

"Orúnkún ń dùn wọ́n. Bóyá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ tiẹ̀ bá wa mú rímù A4 kan dání tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ìwé ti tán lọ́wọ́ wa."

Mo mú rímù lọ. Bàbá alákàbà kò sí. Mo tún lọ, wọ́n ní ó ti dé, ṣùgbọ́n ó yà síbi ìsọmọlórúkọ. Mo tún lọ, mo bá bàbá níkàlẹ̀, àkàbà ni kò sí: àwọn tó ń kun ilé kejì ti yá a. Ọjọ́ tí bàbá àti àkàbà wà pa pọ̀, Mọ́mì tó ni kọ́kọ́rọ́ ti lọ sí ìpàdé alájẹṣẹ́kù. Mo jókòó síta, mò ń wo fáìlì mi láti ojú fèrèsé, fáìlì náà ń wò mí.

Olùkọ́ ìtàn ni mí, mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé tí èèyàn bá fi sí ìkáwọ́ ẹlòmíràn. Ní 1897 ni Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ńlá tó kọ lórí ìtàn Yorùbá. Ó fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó, ìwé sọnù sọ́hùn-ún. Ó kú ní 1901, kò rí i kó jáde. Obadiah àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ dókítà, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù, ó sì di 1921 kí ìwé náà tó jáde. Èmi náà ní àbúrò kan. Mo ti sọ fún un pé kó máa múra sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, oyè yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbà, ó di 1962 kó tó dá dúró láyè ara rẹ̀. (Kì í ṣe pé ibẹ̀ ni mo ń bá wí o, ìtàn ni mò ń sọ.) Òkun ńlá ló wà láàrin akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ni oyè nígbà náà, ìwé ẹ̀rí sì ń dé ọwọ́ oníwèé. Tèmi, igi máńgòrò.

Orí ìlà níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìyà yìí kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ kàwé nílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níwájú mi tí yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ti gbà fún Ph.D., pẹ̀lú owó oúnjẹ àti owó ilé. Ó ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ló ti fohùn ṣọ̀kan pé ẹni tí àwọn bá fún ní irú owó ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ láyè títí di 15 oṣù kẹrin láti rò ó, kó tó fún àwọn lésì. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Yunifásítì ló ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́! Obìnrin kan tó ń lọ Kánádà dá sí i, ó ní ilé-iṣẹ́ WES tó ń bá wọn yẹ ìwé ẹ̀rí wò kì í gba transcript lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, àfi kí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń lọ Toronto àti ẹni tó ń lọ òdìkejì títì, orúnkún bàbá kan náà ni gbogbo wa ń gbàdúrà fún.

Ẹ̀yìn mi lórí ìlà ni ọ̀rẹ́ mi kan tó jáde ní poli wà. HND rẹ̀ dára, upper credit ni. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ lọ ṣe PGD ọdún kan kó tó lè dárúkọ masters. Ó ṣe é. Wọ́n ní máàkì rẹ̀ nínú PGD gbọ́dọ̀ dé ibì kan. Ó dé ibẹ̀, ó tún kọjá. Wọ́n ní transcript PGD dà. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni o.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé transcript nìkan ni, ẹ dúró. Wọ́n tún ń béèrè ẹlẹ́rìí mẹ́ta, tí méjì gbọ́dọ̀ jẹ́ olùkọ́ tó kọ́ mi rí. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ mi ti re ibi àgbà ń rè. Èkejì ti jápa, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé; tí ẹ bá rí i tí irú wọn jápa, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹnu. Prof kẹta ló kù tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo bá wọn nílé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìwọ ta nìyẹn?"

"Adéwùmí ni, sà. 2006."

Wọ́n wò mí títí. "Ìwọ lo máa ń sùn lẹ́yìn?"

"Rárá, sà. Ọ̀rẹ́ mi nìyẹn." (Ọ̀rẹ́ mi náà ti dolóṣèlú báyìí, mọ́tò mẹ́ta ló ní.)

"Ó dáa. Lọ kọ ọ́ wá, kí n fọwọ́ sí i."

Kí n kọ kí ni? Kí n kọ oríkì ara mi! Ìyá ẹni ló ń kini. Ìyàwó ẹni ń kini, bí inú rẹ̀ bá dùn. Onílù tí a bá fún lówó náà ń kini. N kò tíì rí ẹni tó dúró níwájú dígí tó ń ki ara rẹ̀ tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò ní wá nǹkan ṣe sí i. Fọ́ọ̀mù náà béèrè pé nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ti kọ́ rí, ṣé inú ìdá márùn-ún tó mókè jù nínú ọgọ́rùn-ún ni mo wà, àbí ìdá mẹ́wàá, àbí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí mo bá mú márùn-ún, mo ti purọ́ sọ́rùn Prof. Bí mo bá mú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo ti fọwọ́ ara mi ba tèmi jẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n sọ ibi tí olùdíje kù sí. Mo pe ìyàwó mi kó bá mi dá sí i. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní, "Kọ ọ́ pé kì í paná tó bá ń jáde. Kọ ọ́ pé kì í gbọ́ tí wọ́n bá ń pè é nídìí bọ́ọ̀lù. Kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ló yá a lówó fọ́ọ̀mù, kò tíì san án." Mo ní ó tó, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Prof fọwọ́ sí i láìkà á, Ọlọ́run á bá mi tọ́jú wọn. Mo dé kafé íntánẹ́ẹ̀tì, portal ilé-ẹ̀kọ́ ní òun kò gba ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Orí íméèlì ni ẹlẹ́rìí ti gbọ́dọ̀ dáhùn, íméèlì ilé-ẹ̀kọ́ sì ni, kò gbọdọ̀ jẹ́ Gmail tàbí Yahoo. Mo sáré padà sọ́dọ̀ Prof. Wọ́n ní àwọn ní irú íméèlì bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan ló bá àwọn ṣí i, òun nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà dà, sà? Ó wà ní Manchester.

Ti fọ́tò, n kò ní fà á gùn. Ó tóbi jù, ọmọ kafé dín in kù. Ó kéré jù, ó fẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, funfun ni wọ́n fẹ́. Nígbà tí yóò fi tọ́, iná lọ. Ọmọ náà ní, "Dádì, ẹ fara balẹ̀, bó ṣe ń ṣe gbogbo èèyàn nìyẹn."

Bí èèyàn bá sì kó gbogbo rẹ̀ jọ tán, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, àti ìjọba lè yarí fún ara wọn. Ní 2022, 14 oṣù kejì, ọjọ́ tí àwọn olólùfẹ́ ń fún ara wọn ní ṣokoléètì, ni ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀. 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko. N kò dá àwọn olùkọ́ lẹ́bi níbẹ̀, olùkọ́ lèmi náà, mo mọ bí owó oṣù ṣe ń wo èèyàn lójú.

Ohun tí mo ń bínú sí kò pọ̀. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan transcript nítorí mo lè yí i. Mo gbà. Bí mi ò bá gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kí ló wá kàn mí nínú wíwá a kiri? Kí wọ́n dá iye owó lé mi, n óò san án; kí apá ọ̀tún gbé e fún apá òsì. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń yára tí wọ́n bá fẹ́. Ọjọ́ tí mo san owó fọ́ọ̀mù, kí n tó jáde ní báńkì ni wọ́n ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí mi. Kò sí ẹni tó ní kí owó náà dúró de Bàbá alákàbà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bóyá ẹ̀gbọ́n yín tàbí àna yín ń ṣiṣẹ́ ní irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n fún mi ní àyè tí kò tọ́ sí mi, mi ò sì ní kí wọ́n fi máàkì kún tèmi. Two-two ni mo ní, two-two náà ni kí wọ́n kọ. Kí wọ́n ṣáà bá mi gun òkè. Ìlà òkè pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìdì 2006, fáìlì kejì láti ìsàlẹ̀. Bí àkàbà ni kò bá sí, mo ti yá ọ̀kan lọ́wọ́ káfíńtà àdúgbò wa, ó wà nílé mi. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa ti portal.